Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lára Orin Náà?



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì san gbèsè wọn (ìyẹn náà ń bọ̀, kí olúwarẹ̀ má rò pé a ti gbàgbé). Ọ̀rọ̀ orin ni. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, kí ló kan alájẹṣẹ́kù nínú orin? Ẹ gbọ́ ná. Mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń kọrin, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àsálátù, lẹ́yìn onífújì, tàbí nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń pè ní sítúdíò? Owó tí àwọn kan fi ra gìtá àti dùùrù fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, àpò ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti yá a. Orin ti di ọjà, ó sì yẹ kí á mọ ọ̀nà tí èrè ọjà náà ń gbà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Owó orin kì í tẹ̀ lé ẹni tó ṣe orin, ìwé ni í tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ ní pásíbúùkù lọ́wọ́ mọ ohun tí à ń wí. Bí Rásídì bá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, tí ẹnì kan wá kọ ọ́ sí ojú ewé Ràṣídátù, owó náà kò sọnù o, ó wà nínú lẹ́jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Rásídì ni yóò jẹ èrè rẹ̀ lópin ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti ọmọ Yorùbá kan wá. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950 láti kàwé ní Morehouse College ní ìlú Atlanta. Ìlù ló sọ ọ́ di olókìkí níbẹ̀. Ní 1960 ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Drums of Passion jáde, ó sì tà gan-an. Orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, Akiwowo, ọ̀rọ̀ awakọ̀ ojú irin ni. Àwa ará Ọ̀fà, tí reluwé ti ń fọn fèrè sí létí láti ìgbà àwọn baba wa, irú orin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Ní 1964, gbajúmọ̀ olórin Faransé kan, Serge Gainsbourg, gbé àwo tirẹ̀ jáde, Gainsbourg Percussions. Ẹni tó bá fetí sí èyí tó pè ní New York USA, Akiwowo ni yóò gbọ́, àtìlù àtègbè. Àwọn ilé gogoro New York ló kàn fi rọ́pò awakọ̀ ojú irin. Orin mẹ́ta ló mú bẹ́ẹ̀ nínú àwo Ọlátúnjí. Orúkọ ta ni wọ́n wá kọ síbẹ̀ pé ó ṣe orin? Ti Gainsbourg. Ó lé ní ogún ọdún kí orúkọ Ọlátúnjí tó wọ̀ ọ́.

Ẹ lè ní ìyẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó dára, ẹ wo èkejì, èyí tó jọ àṣìṣe akọ̀wé. Ní 1969 ẹgbẹ́ olórin Santana ní Amẹ́ríkà tún orin Ọlátúnjí mìíràn kọ, Jin-go-lo-ba, wọ́n pè é ní Jingo. Gbogbo ayé ló jó o. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan nínú àwo tí wọ́n tẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sí ibi tó yẹ kí ti Ọlátúnjí wà. Ìlà kan péré lórí ìwé pélébé ni o! Kí ẹ̀rọ tó sinmi, àṣìṣe ìlà kan ti di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo.

Ẹni tí ìyà irú èyí jẹ jù ni Solomon Linda, ọmọ Zulu ní South Africa. Ní 1939 ni òun àti àwọn elégbè rẹ̀ kọ Mbube, ìyẹn kìnnìún, sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Johannesburg. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Weavers kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Paul Campbell ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ni ín. Ẹ sì wò ó o, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Paul Campbell! Orúkọ àdàpè tí ẹgbẹ́ olórin náà fi ń gba owó orin ìbílẹ̀ ni. Ní 1961 àwọn Tokens tún un kọ, ó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Solomon Linda kú ní 1962 nínú ìṣẹ́. Orin náà wọ fíìmù The Lion King ní 1994, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò sì rí owó gidi jẹ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911, èyí tó dé ilẹ̀ tiwa náà láyé ìjọba òyìnbó, ló yọ wọ́n: ó ní lẹ́yìn ọdún 25 tí ẹni tó ṣe orin bá ti kú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ àwọn ajogún. Wọ́n pẹjọ́ ní 2004, wọ́n sì parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní 2006. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàrin 1939 sí 2006.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayé kọ̀ǹpútà ti tún èyí ṣe, irọ́ ni. Ní February 2021, àwọn ilé iṣẹ́ 20 tó ń fi orin ránṣẹ́ sórí fóònù kó dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 424 fún àjọ kan ní Amẹ́ríkà, the Mechanical Licensing Collective. Owó orin tí wọn kò mọ ẹni tó ni ín ni. Orúkọ kò bára mu, tàbí kò sí orúkọ rárá.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwa Yorùbá, orúkọ wa pọ̀. Ẹnì kan náà lè jẹ́ Rásídì nílé, Rasheed níléèwé, Omo Iya Alaso lórí pátákó òde àríyá. Kò burú lóde ijó, ṣùgbọ́n ó burú lórí ìwé owó. Ó yẹ kí ọmọ mú ọ̀kan, èyí tó bá ti NIN àti ti báńkì rẹ̀ mu, kí ó sì kọ ọ́ lọ́nà kan ṣoṣo títí ayé. Orúkọ àríyá lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Èkejì, ẹni tó bá fi orin ránṣẹ́ ló ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ọmọ obìnrin kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kọ ọ̀rọ̀ orin, ó sì fa ohùn rẹ̀. Ọ̀gá sítúdíò kan tí a kò ní dárúkọ bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ṣe orin. Ohun tó gbà á ni pé ọ̀rọ̀ orin náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú déètì, ohùn rẹ̀ sì wà lórí fóònù láti oṣù méjì ṣáájú. Lẹ́yìn lẹ́tà méjì, wọ́n tún un kọ. Èyí tí wọ́n ti san ṣáájú kò padà wá títí di òní.

Àwọn kan sọ fún wa pé ìwé ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọ̀rẹ́. A kò gbà. Ìgbà tí owó kò tíì sí ni ìpín rọrùn jù. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá, ẹni tó mú ohùn wá, onílù tó dá àrà tí orin fi dùn, kí wọ́n jókòó lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n kọ iye tó kan oníkálùkù nínú ọgọ́rùn-ún, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá, Copyright Act 2022, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ orin lọ́wọ́ ẹlòmíràn pátápátá gbọ́dọ̀ gbà á nínú ìwé. Ẹ̀tọ́ náà sì ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọ ọmọ wa ni à ń kọ ọ́ fún.

Orin ìbílẹ̀ ńkọ́, àti oríkì tí gbogbo ìlú mọ̀? Kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ pé òun ni òun ṣe é. Kí ó kọ ọ́ pé orin ìbílẹ̀ Yorùbá ni, òun tún un tò ni. Bí a bá ń bínú sí Paul Campbell, àwa náà kò gbọdọ̀ bí ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orin sí mẹ́mórì káàdì fún àwọn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín rọ́pò orúkọ olórin.

Àbá wa sí kọmítì ni pé kí a má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó sítúdíò mọ́ láìjẹ́ pé ó mú ìwé ìpín tí gbogbo wọn fọwọ́ sí wá. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sí òdì, kí ó mú orúkọ orin náà, déètì tó jáde, àti ẹ̀rí tó bá ní wá sí ọ́fíìsì. A ó bá a kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí ẹni tó fi orin ránṣẹ́, ọ̀kan sí MCSN, àjọ tó ń gba owó orin fún àwọn tó ṣe é. Fọ́tò orúkọ tí wọ́n kọ lórí fóònù náà ṣe pàtàkì, ẹ yà á kí wọ́n tó yí i padà.