Lẹ́tà Mẹ́rin Kò Tó Ṣe Orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí n kò fẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Wọ́n ń ṣe ìdánwò kan tí ó pín ọmọ ènìyàn sí oríṣi mẹ́rìndínlógún. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, olúkúlùkù á gba lẹ́tà mẹ́rin, INTJ tàbí ESFP tàbí òmíràn, á sì máa fi í ṣe orúkọ. Wọ́n ní INTJ ni ọlọ́gbọ́n ètò, ẹni tí ń rí ọdún mẹ́wàá iwájú. Wọ́n ní ESFP kò lè ronú kọjá ọ̀la. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń fi í ṣe àwáwí. Wọ́n á ní, “Ẹ má bínú, Dókítà, irú ènìyàn tí mo jẹ́ kì í ṣètò,” orí kejì iṣẹ́-ìwádìí wọn á sì wà nílẹ̀ láìparí. Ní báyìí, àwọn kan fẹ́ kí a fi lẹ́tà wọ̀nyí yan ìgbìmọ̀ ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Èmi kò fara mọ́ ọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀ wá kò fara sin. Ní 1921, Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, tẹ ìwé kan jáde lórí oríṣi ìwà ènìyàn. Ìyá kan ní Amẹ́ríkà, Katharine Briggs, àti ọmọ rẹ̀, Isabel Briggs Myers, ni wọ́n sọ èrò náà di ìdánwò. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n gbé e kà: ṣé òde ni agbára rẹ ti ń wá tàbí inú; ṣé ohun tí ojú rí ni o ń gbára lé tàbí ohun tí ó fara sin lẹ́yìn rẹ̀; ṣé ìrònú ni o fi ń dájọ́ tàbí ọkàn; ṣé o fẹ́ kí ọ̀ràn tètè parí tàbí kí ó ṣì wà ní ṣíṣí. Ọ̀nà méjì ní oríta mẹ́rin: mẹ́rìndínlógún.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn tí ń pariwo pé òyìnbó jí ojú odù mẹ́rìndínlógún wa pohùn pọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan ní èso mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dojú bolẹ̀ tàbí kí ó ṣíjú sókè; ìṣirò kan náà ni. Tiwa kò sì dúró níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ kejì wà, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 256. Ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ wà ní ibòmíràn. Odù tí ó jáde fún ọmọ ní àkọsẹ̀jayé pàápàá kì í dá wá. Ẹbọ àti èèwọ̀ ni ó máa ń mú dání, ìyẹn ni pé ó ń sọ ohun tí a ó ṣe. Lẹ́tà mẹ́rin á sọ ohun tí o jẹ́, á sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà èdè wọlé, iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń kó pọ̀ sójú kan yìí, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un, ó kéré tán. Ojú ni ó ni àfojúsùn. Ìlépa jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdẹ, “lé” àti “pa” ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó ni ín. Ètò wá láti ara “tò”. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí ojú, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ mú bákan náà lára ẹnì kan.

Ogun Ìjàyè ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. (Ìwé Samuel Johnson, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ka ìtàn náà, jáde ní 1921 pẹ̀lú, ọdún kan náà pẹ̀lú ti Jung.) Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ohun tí ó kà sí ẹ̀tọ́. Ní Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá ń fẹ́ ogun lójú méjèèjì: akíkanjú tí, bí ó bá ti rí ẹran, kì í dúró bi ọ̀nà léèrè. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fẹ́ ogun náà rárá.

Bí a bá dúró níhìn-ín, a lè fún wọn ní lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin, kí a sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ogun dé ní 1860, ẹni tí kò fẹ́ ẹ ni ó sì kó ogun jáde. Lójú tèmi, ìwà tí ó jẹ́ kí Ìbíkúnlé máa ka iye tí ogun yóò ná Ìbàdàn náà ni ó mú un yẹ fún ogun tí ó pẹ́ tó ọdún méjì, tí ebi sì jà nínú rẹ̀ bí ìbọn. Ẹsẹ̀ Ògúnmọ́lá nìkan kò lè gbé e dé ibẹ̀. Ọwọ́ Ìbíkúnlé nìkan ì bá má sì kúrò nílé. Ti Kúrunmí ni ó tilẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹni tí ó sọ Ìjàyè di ìlú ńlá láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ta ni yóò ní kò mọ ètò? Ọkùnrin kan náà ni kò wá ọ̀nà àbùjá kankan nígbà tí ọ̀ràn Adélù dé. Ó kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta 1862. Lẹ́tà wo ni a ó fún un: ti ẹni tí ó kọ́ ìlú ni, àbí ti ẹni tí ìlú fọ́ mọ́ lórí?

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí òde òní fúnra wọn kì í sábà fi ènìyàn sínú àpótí mọ́. Ìwà márùn-ún ni wọ́n ń wọ̀n, bí ẹni ń wọn gíga, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bọ́ sí àárín. Ọ̀pọ̀ tí ó tún ìdánwò lẹ́tà mẹ́rin ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó ń bá lẹ́tà mìíràn pàdé. Àwọn tí ó ni ín gan-an kìlọ̀ pé kí a má fi gba ènìyàn síṣẹ́.

N kò sọ pé gbogbo wa rí bákan náà. Ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ ń dùn sí kíkọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Òmíràn wà tí ara rẹ̀ kì í yá àfi bí ọjọ́ bá pé. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì fi ẹnì kan tì wọ́n tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ìdí tí a fi ń ṣọdún. Ẹ bi olúkúlùkù léèrè ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí gbẹ̀yìn, àti ẹni tí ó bá a gbé e. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé, ẹ fi lẹ́tà mẹ́rin sílé, kí ẹ mú ìwé ìnáwó ọdún tó kọjá dání.