Ẹ Má Ṣe Kẹ́gàn Eṣinṣin Ọdẹ

Bí a bá sọ fún ẹnìkan pé ìjọba kan ń dáàbò bo eṣinṣin, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Eṣinṣin tí a mọ̀ ń bà lé oúnjẹ, ó sì ń gbé àrùn kiri. Ṣùgbọ́n ìwà gbogbo eṣinṣin kò rí bákan náà. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹnikẹ́ni tí ó ń sin màlúù.

Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Asilus crabroniformis. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní eṣinṣin ọdẹ. Ó wà lára àwọn eṣinṣin tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀; gígùn rẹ̀ lè tó mìlímítà 25. Ìdí rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ti agbọ́n, ṣùgbọ́n kò ní oró agbọ́n. Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ni a ti ń rí i. Orí ìmí màlúù ni ó sábà máa ń lúgọ sí. Bí tata tàbí yímíyímí bá kọjá, yóò fò mọ́ ọn, yóò sì fa omi ara rẹ̀ mu.

Inú ìmí náà, tàbí inú ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀, ni ó ń yé ẹyin sí. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìdin yímíyímí ni ìdin rẹ̀ ń jẹ. Níbi tí kò bá sí màlúù, kò sí ìmí. Níbi tí kò bá sí ìmí, kò sí yímíyímí. Níbi tí kò bá sí yímíyímí, ebi ni yóò pa ọmọ eṣinṣin ọdẹ.

Ohun méjì ni ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Èkíní, wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ pápá àtijọ́ di oko, wọ́n sì pa àwọn mìíràn tì títí igbó fi bò wọ́n. Èkejì ni oògùn aràn. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń fi ivermectin wo ẹran ọ̀sìn. Ó ń pa aràn inú màlúù, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìmí jáde, ó sì lè máa pa ìdin inú ìmí náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Ivermectin kan náà ni a ń pín ní àwọn abúlé etí odò ní Bẹ̀nẹ̀, kí àrùn má baà fọ́ ènìyàn lójú. Bí àwọn tí ń pín in bá dé, ẹ gbà á, kí ẹ sì lò ó. Ìlò rẹ̀ fún ẹran ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2006, eṣinṣin ọdẹ wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ìjọba gbọ́dọ̀ kà sí pàtàkì. Ìmọ̀ràn fún àwọn tí ó ní màlúù kò le: kí ẹran máa jẹko ní pápá náà, kí wọ́n fún kìkì ẹran tí aràn ń dà láàmú ní oògùn, kí ẹran tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn kúrò ní pápá náà fún ìgbà díẹ̀.

Ìmọ̀ràn yìí bá àwa náà mu. Ní Kétu àti ní Ṣábẹ, màlúù ń jẹko, yímíyímí sì ń sin ìmí wọn sínú ilẹ̀, ó ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Kí ẹni tí ó ní ẹran bi dókítà ẹran léèrè kí ó tó ra oògùn aràn lọ́jà. Òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó ọ̀yà ni yímíyímí. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa á.