Légọ́ọ̀sì ni àbí Láágọ́ọ̀sì?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, tó ní Légọ́ọ̀sì lòun ti wá, ẹlòmíì á ní, "Láágọ́ọ̀sì lo fẹ́ẹ́ pè." Lójú ẹsẹ̀ lojú á ti tì í, á sì yí ohùn pa dà. Kí ló wá tini lójú ńbẹ̀?

Lóòótọ́, àwọn Pọtogí ló mú orúkọ náà wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, omi ọ̀sà làwọn yẹn wò. Adágún omi ni "lagos" lédè wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ lédè Sípéènì. Kódà, ìlú kan ń jẹ́ Lagos nílẹ̀ Pọtogí dòní olónìí, ó sì dáa kẹ́ni tó ń kọ ìwé ẹrù ní Wáàfù Àpápá kọ Nàìjíríà tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù kì í pe Paris báwọn Faransé ṣe ń pè é, kò sì sẹ́ni tó bú u. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an, "Lé" ló fi bẹ̀rẹ̀ Lagos tiwa. Tó bá dòyìnbó, Légọ́ọ̀sì ni. Tó bá di Yorùbá, Èkó ni, ó parí. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ má jẹ́ kójú tì yín mọ́!