Òmìnira Ni Tàbí Ọ̀tẹ̀?

Ohun tí ará ìlú pè ní òmìnira, ọ̀tẹ̀ ni aláṣẹ máa ń pè é. Àwa Ẹ̀gbá mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí ìnilára àwọn Ìlàrí Aláàfin ti sú àwọn baba wa, Lísàbí fi àáró kó àwọn ọkùnrin jọ (ta ni yóò fura sí àwọn tí ń bá ara wọn ro oko?), wọ́n sì pa àwọn Ìlàrí náà. Ọ̀yọ́ rán ogun sí wọn, Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun. Nínú gbogbo ìtàn tí mo gbọ́, n kò gbọ́ pé Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn Ìlàrí ń fi ojú àwọn ènìyàn rí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí òmìnira Ẹ̀gbá nínú àdéhùn 1893. Ní 1914, lẹ́yìn tí sójà yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, wọ́n gba òmìnira náà. Ní 1918, owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe dá Ogun Àdùbí sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2021, òṣìṣẹ́ ààbò Nàìjíríà ya wọ ilé Sunday Ìgbòho, ẹni tí ń pè fún Orílẹ̀-èdè Yorùbá, ní Ìbàdàn lóru. Èmi gan-an kò fẹ́ kí Nàìjíríà pín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìbọn, kí ìdìbò sì tẹ̀lé e bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti gbà fún Scotland ní 2014. Ilẹ̀ Yewa kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Kí ìjọba lọ bá àwọn àgbẹ̀ tí ìpànìyàn lé kúrò lóko níbẹ̀ ní 2021, kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí.