Ẹ Sọ Fún Dókítà Pé Ẹ Gbẹ̀bí Ẹran

Ẹ̀yin òbí, bí ibà àti ikọ́ bá dé, oògùn ibà ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń rà. Kò tó. Kòkòrò àrùn Coxiella burnetii lè wà nínú ibi ọmọ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Bó bá gbẹ, a lè fà á símú pẹ̀lú eruku, kó di òtútù àyà. Ní Netherlands, láàárín 2007 sí 2010, ó ti ara ewúrẹ́ mú èèyàn tó lé ní 4,000.

Kí aláboyún má gbẹ̀bí ẹran. Ẹ bo imú, ẹ ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó ṣàlùwàlá. Bí ibà bá tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Oògùn rẹ̀ wà. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa.