Ohun tí èéyi ń jí gbé lára ọmọ kó tó lọ

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ti da ilé rú láìmọye ìgbà. Ọmọ á ṣe èéyi, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní measles. Ara á gbóná, ojú á pọ́n, ikun á máa yọ nímú, ikọ́ ò ní jẹ́ kó sùn, kó tó di pé gbogbo ara sú wìnnìwìnnì. Ìyá ò ní fojú kan oorun, bàbá ò ní lè jókòó. Nígbà tó bá yá, ara á tutù, ohun tó sú sára á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ọmọ á ní òun fẹ́ jẹun, inú gbogbo ilé á dùn. "Ọlọ́run ṣeun, ó ti lọ!"

Àfi bó ṣe di oṣù kejì tàbí oṣù kẹta tí ọmọ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ìyẹn ò tíì tán tí ikọ́ fi dé, tí àyà ọmọ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó sáré. Kí ni wọ́n máa sọ nílé? "Ojú lásán kọ́ rèé o!" Ìyàwó á máa wo ìyá ọkọ, ìyá ọkọ á máa wo orogún, alájọgbé tó fún ọmọ ní àkàrà lọ́sẹ̀ tó kọjá á wá di ẹni tí wọ́n ń fojú burúkú wò.

Ká sòótọ́, olè wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá ọkọ, kì í sì í ṣe orogún. Èéyi tí wọ́n ní ó ti lọ yẹn gan-an ni olè. Kó tó jáde lára ọmọ, ó ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹrù tó sì kó lọ náà ni ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara.

Ọmọ ogun wo? Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n sì ti ń bí wọn lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ìṣó gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Kòkòrò tó wà lára ìṣó á bá a wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà lábẹ́ awọ ara tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa gbé kòkòrò mì. Bí wọ́n ṣe ń gbé e mì ni wọ́n ń ké sí àwọn yòókù, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fẹ̀ sí i kí ogun lè rí ọ̀nà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ojú ibẹ̀ fi ń pọ́n, tó ń gbóná, tó ń wú. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun mìíràn á ti ya dé. Wọ́n á pa, wọ́n á sì kú. Ọyún tí ìyá ń fún jáde lójú egbò yẹn, òkú ọmọ ogun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àmọ́ àwọn amí tún wà. Tiwọn ni pé kí wọ́n já díẹ̀ lára ọ̀tá, kí wọ́n sì gbé e lọ sí bárékè. Bárékè ọ̀hún ni àwọn kókó tó wà lọ́rùn, lábíyá àti lábẹ́ ìtan. Ẹni tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kókó wá so sí abẹ́ ìtan rẹ̀, kó má ṣe bẹ̀rù jù, ìpàdé ogun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àìmọye ọmọ ogun ló wà ní bárékè yìí, ṣùgbọ́n ìrísí ọ̀tá kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Amí á máa fi ohun tó já bọ̀ hàn wọ́n kiri títí tó máa fi kan ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í di méjì, á di mẹ́rin, á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jà. Àwọn kan ń rọ ọfà sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni antibody tí àwọn dókítà máa ń wí. Ọfà yìí á lẹ̀ mọ́ ọ̀tá lára, kò ní lè wọ ibi tó fẹ́ wọ̀ mọ́. Àwọn kejì, tí wọ́n ń pè ní T-cell, kì í tafà rárá. Ara sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá ti sá pa mọ́ sí ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì pa á tọ̀tá-tọ̀tá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló kúkú wà.

Gbogbo ètò yìí máa ń gba ọjọ́ púpọ̀ bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀tá náà wá nìyẹn. Kó tó bọ́ sí i, ọmọ lè ti kú. Ìdí nìyẹn tí ìrántí fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí ogun bá tán, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun á kú, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ á ṣẹ́ kù tí wọn ò ní gbàgbé. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bí ọ̀tá yẹn bá tún yọjú, kíá ni wọ́n á dà bò ó, ẹni tó ni ara lè má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìrántí yìí kì í ṣe ti ọdún kan tàbí méjì. Lọ́dún 1846, èéyi jà ní erékùṣù Faroe tó wà lábẹ́ Denmark. Nínú èèyàn bíi 7,800 tó ń gbé ibẹ̀, nǹkan bí 6,000 ló mú. Dókítà Peter Panum tí ìjọba rán lọ síbẹ̀ wá rí ohun ìyanu kan. Ọdún 1781 ni èéyi ti wá síbẹ̀ gbẹ̀yìn, ìyẹn ọdún 65 sẹ́yìn. Àwọn arúgbó tó ṣe é nígbà yẹn, kò mú ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn arúgbó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1781, ó mú àwọn náà bó ṣe mú ọmọdé. Fún ọdún 65, àwọn ọmọ ogun inú ara àwọn baba àti ìyá wọ̀nyẹn ò gbàgbé ojú ọ̀tá!

Ibi tí ìwà ìkà èéyi wá wà rèé. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Nígbà tí kòkòrò èéyi bá gba imú wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà ní ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ lára. Wọ́n rò pé àwọn ti mú ọ̀daràn, wọ́n gbé e lọ sí bárékè, wọn ò mọ̀ pé olè ni àwọn ń gbé wọ ilé. Tó bá ti dé ibẹ̀, àwọn tó ń rántí gan-an ló ń wá kiri. Ó ní ibi kan lára wọn tó máa ń dì mú tó fi ń wọlé sí wọn nínú. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń ṣe èyí, tí ọmọ ṣì ń ṣeré níta, tí ẹnikẹ́ni ò fura.

Nígbà tí àwọn T-cell bá wá jí gìrì, wọ́n á kọ lu gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí èéyi wà nínú rẹ̀. Ara tó ń sú yẹn, ogun wọn ni. Àwọn ìyá àgbà tó máa ń sọ pé kó sú dáadáa kò kúkú purọ́, nítorí ọmọ tí T-cell rẹ̀ ò lágbára lè ṣe èéyi kí ara rẹ̀ má sú rárá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ewu jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pa èéyi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa àwọn arántí tó sá pa mọ́ sí. Ogun tán, ara ṣẹ́gun. Kò ní gbàgbé èéyi láéláé. Àwọn ọ̀tá yòókù ńkọ́, tó ti bá jà tó sì ti mọ̀? Ó ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti fura. Lọ́dún 1908, Clemens von Pirquet ní ìlú Vienna kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí awọ ara wọn máa ń wú bí wọ́n bá fi àyẹ̀wò ikọ́ fée kàn án, bí èéyi bá ti mú wọn, kì í wú mọ́. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ikú ọmọdé wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Denmark, wọ́n sì rí i pé ewu yìí lè dúró lára ọmọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Nígbà tó di 2019, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 77 ní Netherlands tí kò gba abẹ́rẹ́ wé ara wọn, èyí tí wọ́n gbà kí wọ́n tó ṣe èéyi àti èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó pàdánù kéré jù pàdánù ọfà 11 nínú 100. Àwọn kan pàdánù tó 73 nínú 100! Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá àrùn jà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan lèyí. Lọ́dún 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní abúlé Ìmèsí-Ilé, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí, ló ti ń tẹ̀ lé bí àwọn ọmọdé ṣe ń dàgbà. Ibẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi ń ya ìlà bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i ti gbajúmọ̀, tó fi di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ohun tí èéyi ń fojú àwọn ọmọ rí níbẹ̀ ò jẹ́ kí Morley gbádùn. Ó gbọ́ pé John Enders àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Boston ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ọ̀kan nínú wọn, Dókítà Samuel Katz, gbé abẹ́rẹ́ náà wá sí Ìmèsí-Ilé. Ara àwọn ọmọ kan gbóná, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun inú wọn kọ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ọdún 1963 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fún gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ Ìmèsí-Ilé ti gba tiwọn ṣáájú!

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ò le. Èéyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń han àwọn ọmọ ogun, kí wọ́n lè mọ ojú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó jí ìrántí kankan gbé. Kí ó tó dé, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ èèyàn ni èéyi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Ní 2023, ó ṣì pa èyí tó lé ní 100,000, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Síbẹ̀, ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan ò yéé wáyé. Ìyá àgbà tó gbé ọmọ-ọmọ wá á ní, "Nọ́ọ̀sì, àwa náà kúkú ṣe èéyi nígbà tí a wà lọ́mọdé, ṣé a kú ni?" Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ ò kú, Màmá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú dà? Wọn ò sí níbí kí wọ́n wá sọ tiwọn." Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà á dákẹ́, nítorí ó mọ orúkọ wọn.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, torí pé ọfà tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún ti ń tán nígbà yẹn. Oṣù 15 ni ti ìkejì, ẹ má fi ṣeré. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí kò gbà á tó bá wà nítòsí ẹni tó ní èéyi, mẹ́sàn-án ló máa mú.

Bó bá ti wá mú ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Wọ́n á fún un ní fítámì A fún ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, èyí tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀, tó sì ń dín ikú kù. Ẹ má ro ohunkóhun sí i lójú. Ẹmu tí àwọn kan fi ń wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń fún un mu, èéyi ò bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹyin, ẹja àti ẹran dù ú, ogun kì í fi ebi jà. Lẹ́yìn tó bá ti gbádùn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kù sí. Bó bá ń mí kíákíá, bó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, kódà bó jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ó ti ṣe èéyi láìpẹ́, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání kí wọ́n wo àwọn abẹ́rẹ́ tó kù.

Kí wọ́n tó wá máa wo orogún tàbí ìyá ọkọ níwòkuwò, kí wọ́n rántí àjẹ́ tó ké lánàá. Gbogbo ilé ló gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tó ń ké, wọ́n sì tún dúpẹ́ nígbà tó ń lọ, láìwo ohun tó dì sábíyá.