Ìbéèrè Tí Ń La Ọmọ Lójú

Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, olùkọ́ nìkan ni ń béèrè, ìdáhùn tí ó ti kọ sára pátákó nìkan ni ó sì ń fẹ́ gbọ́. Àwọn ọmọ a dá a lóhùn pọ̀ bí ẹni ń kọrin, a ó sì rò pé wọ́n ti mọ̀wé.

Bí olùkọ́ bá bi àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ pé, “Kí ni orúkọ àpáta ńlá ìlú wa?” wọn yóò ké pé, “Olósùnta!” ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Èéṣe tí omi òjò fi ń ṣàn kúrò lórí Olósùnta, tí ó sì ń rì sínú ebè iṣu?” gbogbo wọn yóò dákẹ́. Ọ̀kan yóò ro ti òkúta, èkejì yóò ro ti oko baba rẹ̀, àríyànjiyàn yóò sì dé. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí olùkọ́ má sì ṣe kánjú. Mary Budd Rowe, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1974 pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ fún ìdáhùn. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í fọhùn pàápàá sì lanu. Àgbà tí ń pa àlọ́ àpamọ̀ ti mọ èyí tipẹ́: kì í já àlọ́ náà kí àwọn ọmọ tó gbìyànjú.

Ọmọ kò sì lè ronú jinlẹ̀ ní èdè tí kò yé e. Ní Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa mú kí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún 6 ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Ìṣẹ́, Ìkẹ́rẹ́ àti Èmùré, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Ọmọ tí a ń jágbe mọ́ nílé nígbà tí ó bá wí pé, “Nítorí kí ni?” kò ní lanu ní ilé-ìwé. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ kí ó tó béèrè. Láti 1977 ni a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní kọ́lẹ́jì tí ó di yunifásítì ní 2020. Ẹ jẹ́ kí a bẹ àwọn tí ń jáde níbẹ̀ kí wọ́n mú ọgbọ́n ìbéèrè lọ sí ilé-ìwé wa gbogbo. Nígbà tí ẹ bá sì bẹ ilé-ìwé wò, ẹ má ṣe tẹ́tí sí àkọ́sórí nìkan. Ẹ ní kí àwọn ọmọ bi yín léèrè ọ̀rọ̀.